Òṣìṣẹ́ Wà Lóòrùn: Kí Ló Ń Bí Àwọn Onísóṣálísíìmù Nínú?

Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún bá ti dé, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ń yan kọjá ní pápá ìṣeré, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde láàárín àwa Yorùbá tó ń ṣòwò nílùú onílùú. Àwọn kan á ní, "Àwọn onísóṣálísíìmù wọ̀nyí, ìlara ló ń dà wọ́n láàmú. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni lówó ni." Àwọn mìíràn á ní òótọ́ ni wọ́n ń sọ, pé kò sí olówó tí kì í ṣe olè. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò kan ibi tó ń dun àwọn ènìyàn náà. Ẹ̀sùn wọn ní ìdí, ìdí ọ̀hún sì jẹ mọ́ ìwà ju owó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn, àbí tó fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìdí yẹn.

Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Mẹ́ta nínú àwọn ìlú tí àwọn ará wa tẹ̀dó sí, ìyẹn Enugu, Kánò àti Jos, wà lára ibi tí ẹ̀sùn yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ìlú òyìnbó, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀

Kí ni wọ́n ń pè ní kápítálísíìmù? Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọjà títà ni. Ọjà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí kápítálísíìmù tó dé; àwọn ìyá ìyá wa ti ń ná ọjà ọlọ́rùn-ún-dọ́rùn-ún kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ilé wa. Kápítálísíìmù ni ètò tí ilẹ̀, ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ àti owó òkòwò fi wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, tí àwọn tó pọ̀ jù kò sì ní nǹkan tí wọ́n lè tà ju agbára apá wọn lọ.

Ọdún 1842 ni wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Friedrich Engels, lọ sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ òwú kan níbẹ̀. Ọmọ olówó ni, òwò ni wọ́n ní kó lọ kọ́. Ṣùgbọ́n ó ń rìn kiri àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, ó rí ìdílé tó há sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó rí àwọn tí ẹ̀rọ ti gé lọ́wọ́, ó rí ọmọdé tí iṣẹ́ ti sọ di arúgbó. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1845. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí nígbà náà: òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1833 ló sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 má ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ. Lábẹ́ òfin yẹn, ọmọ ọdún 9 sí 12 ṣì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 9 lóòjọ́. Èyí tó bá ti pé 13 lè ṣe wákàtí 12. Àtúnṣe nìyẹn o.

Ọ̀rẹ́ Engels ni Karl Marx, tó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí kápítálísíìmù, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1867. Owó tí Engels ń rí nídìí òwú ló fi ń ran Marx àti ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ ní London. Ohun tí Marx sọ kò le láti yé oníṣòwò. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lóòjọ́. Tó bá fi máa di wákàtí kẹfà, iṣẹ́ tó ti ṣe ti tó iye owó ọ̀yà rẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Wákàtí 6 tó kù ńkọ́? Òun ló ṣe é, ọ̀gá ló ni ín. Kò sì sí ẹni tó jí nǹkan kan o, torí wọ́n jọ ṣàdéhùn, ọ̀gá sì san iye tí wọ́n fohùn sí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń béèrè pé, "Tí wọ́n bá jọ fohùn sí i, kí ló wá burú níbẹ̀?" Àwa Yorùbá mọ ohun tó jọ ọ́. Láyé ìwọ̀fà, ẹni tó yáwó á fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé orí owó ni. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Ó lè ro oko olówó fún ọdún mẹ́wàá, kí gbèsè ṣì wà níbi tó wà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ó nílé, àdéhùn ni wọ́n sì fi ṣe é. Síbẹ̀, kò sí àgbà tó ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun lọ ṣe ìwọ̀fà. Ìyẹn ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé nǹkan lè jẹ́ àdéhùn kó má sì dára.

Marx fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ràn kí wọ́n máa wàásù ìwà. Lọ́dún 1875, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Jámánì kọ ọ́ sínú ètò wọn pé kí wọ́n pín èrè iṣẹ́ bó ṣe tọ́, ṣe ló bẹnu àtẹ́ lù ú pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn fà á títí dòní pé ṣé Marx ka kápítálísíìmù sí ìrẹ́jẹ àbí kò kà á sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ibi tó ti kọ̀wé nípa wákàtí iṣẹ́ àwọn ọmọdé á mọ̀ pé inú ń bí i gidi. Àwọn tiwa ní Nàìjíríà ní tiwọn kò fi ọ̀rọ̀ ìwà pa mọ́. Iwájú ni wọ́n gbé e sí.

Ẹ̀sùn kìíní, Enugu: ẹni tó ṣe é kọ́ ló ń jẹ ẹ́

Èédú ló sọ Enugu di ìlú ńlá. Ọdún 1909 ni wọ́n rí i, 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Èédú yẹn wà lára ohun tó ń mú ọkọ̀ ojú irin rìn, ọkọ̀ tó gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa lọ sí òkè ọya. Yorùbá ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji. Awakùsà Enugu kò tiẹ̀ rí oòrùn. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà Iva Valley ní ìjọba jẹ àwọn ní owó ọ̀yà tó ti kọjá, wọ́n sì fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìjọba òyìnbó rán ọlọ́pàá lọ síbẹ̀ láti kó àwọn nǹkan abúgbàmù tí wọ́n fi ń wa èédú kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù yẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 ló kú, àádọ́ta àti ọ̀kan mìíràn fara gbọgbẹ́. Kò sí èyí tó gbé ìbọn nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà mi gbogbo Nàìjíríà, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn tó ń jà fún òmìnira àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí i pé ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Ẹ̀sùn kìíní nìyẹn: ẹni tó fara ṣiṣẹ́ kọ́ ló ń pinnu ìpín rẹ̀, ìpín tó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kò bá òógùn rẹ̀ mu. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe rí. Kì í ṣe gbogbo èrè ni wọ́n ń bá jà. Oníṣòwò tó jí ní ìdájí, tó tẹ̀lé ẹrù láti Èkó dé Kánò, tí ẹrù rẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà, tó ń ṣírò títí ilẹ̀ fi ṣú, iṣẹ́ lòun náà ń ṣe, owó iṣẹ́ sì wà nínú èrè rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń bá wí ni èrè tó ń wọlé fún ènìyàn kìkì torí pé òun ló ni nǹkan, kó tó ṣí ojú lójú oorun.

Ohun kan tún wà ní Enugu tí kò yẹ ká fò. Kì í ṣe olówó àdáni kankan ló ni kùsà yẹn. Ìjọba amúnisìn ló ni ín. Nítorí náà, ta ló ni ilé iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ìbéèrè. Ta ló ń pàṣẹ níbẹ̀, ta ló sì ń dá ìpín? A ó padà sórí èyí.

Ẹ̀sùn kejì, Kánò: ẹni tí ebi ń pa kò lómìnira

Ọdún 1950 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU sílẹ̀ ní Kánò. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá a sílẹ̀ gbé ìkéde kan jáde tí a mọ̀ sí Ìkéde Sawaba. Sawaba, ní èdè Haúsá, ni ìdẹ̀ra, ni òmìnira. Wọ́n ní ìjà wà láàárín àwọn tó di àṣẹ ìbílẹ̀ mú àti àwọn talakawa. Ọ̀rọ̀ talakawa yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá gbé òkè ọya rí. Òun náà ni "tálákà" tí Yorùbá ń pè. Mallam Aminu Kano, olùkọ́ ni kó tó di òṣèlú, ló di olórí wọn, ó sì máa ń fi ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù nípa òdodo ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kó tó jẹun kò lè sọ tinú rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà kápítálísíìmù máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó fipá mú òṣìṣẹ́; tí owó kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó lọ síbòmíì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí àká rẹ̀ kún lè dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo kò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì kan náà láti ṣàdéhùn, àmọ́ kì í ṣe agbára kan náà ni wọ́n gbé wá síbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ PRP, tí Aminu Kano tún jẹ́ olórí rẹ̀, wọlé ìdìbò gómìnà ní Kánò àti Kàdúná ní 1979, wọ́n fagi lé owó orí haraji àti owó orí màlúù tí wọ́n ń pè ní jangali. Lọ́dún 1980, ìjọba Abubakar Rimi ní Kánò sọ ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún di ọjọ́ ìsinmi fún òṣìṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba àpapọ̀ wá sọ ọ́ di ti gbogbo Nàìjíríà. Ìsinmi tí gbogbo wa ń ti ṣọ́ọ̀bù sí yìí, àtọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta, Jos: ètò tó ń san ẹ̀san fún ojúkòkòrò

Oṣù kejì ọdún 1962 ni ẹgbẹ́ Action Group ṣe ìpàdé ńlá wọn ní Jos. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí sóṣálísíìmù ti ìjọba tiwa-n-tiwa gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà lára ohun tó mú kí ìyapa tó wà láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá fẹjú sí i. Ẹ má gbàgbé pé Awólọ́wọ̀ kì í ṣe ẹni tí kò mọ òwò. Ó ti ra kòkó tà rí, ó ti ní ọkọ̀ akẹ́rù rí, kó tó lọ kọ́ òfin.

Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ The People's Republic, tó jáde ní 1968, ó ní orí ìmọtara-ẹni-nìkan àti ojúkòkòrò ni kápítálísíìmù dúró lé, àti pé orí ìfẹ́ ọmọnìkejì ló yẹ kí ìlú dúró lé. Ẹ̀sùn yìí yàtọ̀ sí méjì àkọ́kọ́. Kò sọ pé olówó jẹ́ ènìyàn búburú. Ohun tó ń sọ ni pé ètò náà ń fi ẹ̀san fún ẹni tó bá lè fún ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́rùn jù, tí ẹni tó láàánú sì ń kógbá wọlé. Tí àwọn méjì bá ń ta ọjà kan náà, tí ọ̀kan ń san owó gidi fún òṣìṣẹ́, tí ìkejì kò sì san án, ta ni ọjà rẹ̀ máa wọ́n? Gbogbo wa la mọ ìdáhùn. Èyí tó ṣe rere ni oníbàárà á fi sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ ohun tí Awólọ́wọ̀ ní lọ́kàn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò kòkó jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé owó wá kí wọ́n tó wọlé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó kọ́ni ní Oxford, G. A. Cohen, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣàlàyé irú èrò yìí nínú ìwé kékeré tó jáde ní 2009. Ó ní ká wo àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ lọ pàgọ́ sínú igbó fún ìgbafẹ́. Ẹni tó mọ ẹja pa á pa á, ẹni tó mọ oúnjẹ sè á sè é, gbogbo wọn á jọ jẹ ẹ́. Tí ẹnìkan bá ní torí òun mọ ẹja pa jù, òun ló yẹ kó jẹ èyí tó dára jù, ojú burúkú ni wọ́n á fi wò ó. Àwa náà ń ṣe é. Tí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ó dáwó jọ, a kì í béèrè èlé. Ìbéèrè tó ṣòro ni bóyá ohun tó ṣeé ṣe láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó mọ ara wọn ṣeé ṣe láàárín igba mílíọ̀nù tí kò mọra. Cohen fúnra rẹ̀ gbà pé òun kò mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e gbà.

Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀

A kò ní ṣe ojúsàájú. Tanzania jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1967, Julius Nyerere gbé Ìkéde Arusha jáde. Ujamaa ló pè é, ìyẹn ni pé kí gbogbo ìlú máa gbé bí ọmọ ìyá. Èrò náà dára, Nyerere kò sì kówó jẹ. Àmọ́ nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kò tètè kó wá sí abúlé àjùmọ̀gbé, láti 1973 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fipá kó wọn. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló fi ilé àti oko sílẹ̀. Oúnjẹ dínkù, ìjọba wá ń ra àgbàdo láti òkè òkun. Nyerere gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1985, àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì yí ètò náà padà.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀sùn kejì, ti Kánò, ló padà wá bá ujamaa. Àgbẹ̀ tí wọ́n fi ọlọ́pàá kó kò lómìnira ju òṣìṣẹ́ tí ebi fà lọ. Ẹ rántí Enugu náà, níbi tí ìjọba ti jẹ́ ọ̀gá. Tí ìjọba bá di ọ̀gá kan ṣoṣo nílùú, ta ni òṣìṣẹ́ á sá lọ bá? Àwọn tó ń gbèjà ọjà ní ọ̀rọ̀ níbí yìí, a sì gbọ́dọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n pé oògùn kò ṣiṣẹ́ kò sọ pé àìsàn kò sí.

Kí ló kàn wá?

Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí òfin pé owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Òfin náà kò dé ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó 25. Mélòó nínú wa tó ń ta aṣọ, páátì mọ́tò, oògùn tàbí oúnjẹ nílùú onílùú ló ní òṣìṣẹ́ 25? Òfin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó kù tó lè dé ọ̀dọ̀ wa ni ìwà.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn ènìyàn Enugu, Kánò àti Jos fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè bi ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò nífẹ̀ẹ́ sí sóṣálísíìmù rárá. Èkíní: ṣé ohun tí mò ń fún ọmọ yìí bá iṣẹ́ tó ń ṣe mu? Èkejì: ṣé ó lè sọ pé "rárá, ọ̀gá" kó má sì sun ìta lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ẹ̀kẹta: tó bá ṣàìsàn fún oṣù kan, ṣé èmi náà á rò pé ó kàn mí?

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló le jù. A mọ ọ̀gá tó ń fi ọdún kún ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tó rí i pé ọmọ ti mọ iṣẹ́. A mọ èyí tó ní òun ń bá ọmọ tọ́jú owó oṣù pa mọ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ fíríídọ̀mù ni ìjà á bẹ́. Ní ilé, ọmọ bẹ́ẹ̀ lè sá tọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nílùú onílùú, kò ní ẹbí nítòsí. Ẹgbẹ́ wa ni ẹbí tó ní. Tí ọ̀gá rẹ̀ bá wá jẹ́ akápò ẹgbẹ́ tàbí alága ńkọ́, ta ni yóò lọ rojọ́ fún?

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe kò nílò Marx. Kí àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní kíkọ, kí iye ọdún àti owó hàn níbẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí owó tí ọ̀gá bá ń tọ́jú fún ọmọ iṣẹ́ wọ àpò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní orúkọ ọmọ náà, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí ọ̀gá. Kí àwọn mẹ́ta tí kò ní ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wà lórí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíì la jẹ́ nígbà tá a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì ìlú tí à ń gbé yìí. A mọ ẹni tó ṣe wá dáadáa nínú àwọn ọ̀gá ìgbà náà, a sì mọ ẹni tí a kò tíì dárí jì.